Bí Kóòṣì Ṣe Lè Yẹ Ìwé Ìgbáradì Eré Sísá Wò Kó Tó Gbé E Dé Orí Pápá

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ tíṣà eré ìdárayá ní Iléṣà, ẹnì kan fún mi ní ìwé kan tí wọ́n ti ṣe fọ́tòkọpì rẹ̀. Ìwé gidi ni. Ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo mú ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan nínú rẹ̀, mo gbé e fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan tó ń sá 400 mítà. Ọmọ náà kì í kùn. Ohun tí mo bá ní kó ṣe ni yóò ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ níbì kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju owó kọ́bọ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ṣà, ibí yìí ni." Kò sá eré kankan mọ́ títí sáà náà fi parí.

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó rí odidi ìwé yẹn ní ilé ìkàwé kan n'Ífẹ̀. Ẹni tó ṣe fọ́tòkọpì tiwa ti fo ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Inú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ yẹn gan-an ni òǹkọ̀wé ti sọ pé àgbà eléré tó ti gbáradì fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán ni ètò òun wà fún. Òǹkọ̀wé kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo gbé ẹ̀wù àgbà wọ ọmọdé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ọ̀nà tí mo fi ń yẹ ìwé wò kí n tó jẹ́ kí ọmọ kankan fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sanwó fún un. Mo kọ ọ́ síbí fún ẹ̀yin tíṣà eré ìdárayá àti ẹ̀yin kóòṣì tó ń kọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ nírọ̀lẹ́, tí ẹ kò ní ẹni tí ẹ máa bi léèrè ju ìwé lọ. Ìbéèrè kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ara ta ni òǹkọ̀wé yìí wò kó tó kọ ọ́?

Ẹ kọ ti yín sílẹ̀ ná

Télọ̀ kì í gé aṣọ kó tó wọn ara. Ẹ mú bébà kan ṣoṣo kí ẹ tó ṣí ìwé, kí ẹ kọ iye ọmọ tí ẹ ní, ọjọ́ orí wọn, iye ọdún tí oníkálukú ti fi gbáradì ní tòótọ́, ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó lọ́jọ́ kan, irú ilẹ̀ tí ẹ ń sá lé, ohun èlò tó wà, àti ọjọ́ ìdíje.

Bí tèmi ṣe rí nìyí: ọmọ 21, láti ọdún 13 sí 17, mẹ́rin péré nínú wọn ló ti gbáradì kọjá ọdún kan. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 70, lẹ́yìn tí aago ìparí ilé-ìwé bá lù. Pápá oníyẹ̀pẹ̀ pupa tó máa ń le bí òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì máa ń yọ̀ nígbà òjò. Hurdle (ìdènà tí sárésáré ń fò kọjá) mẹ́rin tí wẹ́ẹ́dà kan jó fún wa. Bọ́ọ̀lù onírin méjì. Stopwatch kan. Kò sí yàrá irin gbígbé, kò sí dókítà, ọmọ mẹ́fà nínú wọn kì í jẹun ọ̀sán.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má tijú láti kọ ọ́. Bébà yìí ni ẹ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìwé tí ẹ bá ń kà láti òní lọ.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Àárín ìwé, níbi tí tábìlì wà, ni ojú gbogbo wa máa ń sáré lọ. Ẹ pa dà sẹ́yìn. Ẹ ka ọ̀rọ̀ àkọ́sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé náà, nítorí ìwé ọdún 1975 lè gba èèpo tuntun lónìí kí inú rẹ̀ má yí padà. Ẹ wá irú eré tí òǹkọ̀wé fi kọ́ni, irú àwọn tó kọ́, àti ilẹ̀ tó ti kọ́ wọn. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ kò rí ìdáhùn sí ohun mẹ́rin yìí, ẹ kọ "kò sọ" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bébà yín. Ìwé tó bá gba "kò sọ" mẹ́ta kì í kúrò lórí tábìlì mi lọ sórí pápá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Arthur Lydiard, ará New Zealand, kọ́ àwọn sárésáré méjì kan tó gba góòlù lọ́jọ́ kan náà ní Olympics Róòmù ní 1960: Peter Snell nínú 800 mítà, Murray Halberg nínú 5,000 mítà. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 160 ni wọ́n ń sá lọ́sẹ̀, títí kan Snell tí eré rẹ̀ kò ju yíyí pápá lẹ́ẹ̀mejì lọ. Kóòṣì tó bá ka èyí lè dìde lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó ní kí àwọn ọmọ máa sá lọ sá bọ̀ ní títì Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 21 ni Snell lọ́dún náà, Halberg jẹ́ ẹni ọdún 27. Ọkùnrin tí egungun wọn ti gbó ni wọ́n. Ọmọ ọdún 14 tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọ̀kun lọ sílé-ìwé, tó tún ń pọn omi kó tó jáde nílé, ẹrù tirẹ̀ ti wà lórí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ohun tí mo mú nínú ọ̀nà Lydiard ni ètò rẹ̀: eré pẹ̀lẹ́ gígùn kọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ òkè gígùn, eré líle wá kẹ́yìn. Òkè kò wọ́n wa ní Iléṣà. Òǹkà rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Kàlẹ́ńdà ta ni wọ́n lò?

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ sí, nítorí ibí ni ìwé tó dára pàápàá ti máa ń ṣì wá lọ́nà.

Pípín ọdún sí sáà, tó jẹ́ ọkàn àwọn ìwé wọ̀nyí, ní ibi tó ti wá. Lev Matveyev, onímọ̀ ará Soviet, ló ṣe àlàyé rẹ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960: sáà ìgbáradì, sáà ìdíje, àti sáà ìsinmi ráńpẹ́ tó so ọdún kan mọ́ èkejì. Àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tún un ṣe lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Ní ilẹ̀ wọn, òtútù àti yìnyín ló ń lé sárésáré wọlé láti oṣù kọkànlá. Wọ́n á kó iṣẹ́ púpọ̀ jọ nígbà náà, wọ́n á díje nínú ilé láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, wọ́n á sì dé góńgó nígbà ooru, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ.

Ẹ wá wo tiwa. Oṣù kẹsàn-án ni ilé-ìwé ń wọlé. Inter-house máa ń bọ́ sí sáà kejì ilé-ìwé, oṣù kejì tàbí ìkẹta, ìdíje láàárín àwọn ilé-ìwé sì máa ń wà nítòsí rẹ̀. Góńgó wa bọ́ sí ibi tí ìwé wọn ti ń sọ pé kí a ṣì máa kó iṣẹ́ jọ. Láti àárín oṣù kẹsàn-án dé ìparí oṣù kejì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 24. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọmọ kì í tíì pé, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ méjì ìdánwò, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta Kérésìmesì. Ó ku 17. Ìwé tó bá ní kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ 20 ṣe ìpìlẹ̀ nìkan ti ná owó yín tán kí ẹ tó dé ọjà.

Nínú ọ̀sẹ̀ 17 yẹn, oṣù kẹwàá ṣì jẹ́ oṣù òjò. Ọyẹ́ dé ní oṣù kejìlá: eruku, ọ̀fun gbígbẹ, ọmọ tó ní ikọ́ fée tí kò lè mí dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ wo Ràmàdáánì. Lọ́dọọdún, ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, inú àkókò inter-house gan-an. Ọmọ tí kò tíì fi omi kan ẹnu láti ìdájí, tí ẹ wá ní kó sá 300 mítà lẹ́ẹ̀marùn-ún ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sí ìwé ilẹ̀ òtútù kan tó máa ràn yín lọ́wọ́ àyàfi tó bá kọ́ yín ní ìdí tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kí ẹ lè fúnra yín yí i.

Nítorí náà, ìdánwò tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi bébà bo orúkọ àwọn oṣù nínú ètò ọdún tó wà nínú ìwé. Ṣé ètò náà ṣì dúró? Bí sáà kọ̀ọ̀kan bá sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe kó tó kọjá sí èyí tó kàn, mo lè gbé e wá sí oṣù tèmi. Bí ohun tó ń gbé e kọjá kò bá ju pé oṣù ti yí lọ, mo pa á dé.

Ẹ ṣí ojú ìwé eré àsápajúdé, kí ẹ wo ìsinmi

Bí ẹ kò bá ní àyè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níwájú àtẹ ìwé àlòkù ní Láàgéré n'Ífẹ̀, ohun kan yìí ni kí ẹ ṣe. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ́ni bí a ṣe ń mú ẹsẹ̀ yá. Ẹ má wo iye ìgbà tí wọ́n ní kí ọmọ sá. Ẹ wo iye ìsinmi tó wà láàárín.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ọmọ bá sá pẹ̀lú gbogbo agbára, epo kékeré kan wà nínú iṣan tí ara ń lò fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan àkọ́kọ́. Ó máa ń tètè gbẹ, ó sì máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún padà. Ọ̀pọ̀ kóòṣì eré àsápajúdé máa ń fún ọmọ ní ìṣẹ́jú kan fún mítà mẹ́wàá tó bá sá tagbáratagbára: 60 mítà, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó ń pẹ́ lójú ẹni tó ń wò. Àwọn òbí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá á ní àwọn ọmọ ń ṣeré ni.

Mo ti ka ètò tó ní kí ọmọ sá 60 mítà lẹ́ẹ̀mẹjọ, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n kọ "fún ẹsẹ̀ yíyá" sórí rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ wò pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó le dáadáa. Àkọ́kọ́: 7.7 lórí stopwatch. Ẹ̀kẹta: 8.0. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, orúnkún rẹ̀ kò gòkè mọ́. Ní ẹ̀kẹjọ, gìgísẹ̀ ló fi ń balẹ̀, mo ń gbọ́ ọ pá, pá, pá láti ìparí eré, èjìká rẹ̀ ti gòkè dé etí, aago sì kà 9.1. Ìgbà márùn-ún nínú mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ara ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń sáré pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ burúkú o. Iṣẹ́ ìfaradà ni. Ẹni tó kọ ọ́ ló pe orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn. Òǹkọ̀wé tó bá ṣi orúkọ iṣẹ́ pè lójú ìwé yìí, ẹ máa ṣọ́ ọ níbi gbogbo.

Ẹ lóṣòó ti òǹkà

Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fún ní orúkọ Òṣómàáló: ìlóṣòó ni màá wà títí n ó fi gba owó mi. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe sí gbogbo òǹkà inú ìwé. Níbi tí ẹ bá ti rí "ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún", "ọjọ́ mẹ́rìndínlógún", "ìlọ́po mẹ́ta", ẹ lóṣòó tì í. Ẹ bi í pé: ta ló kà ọ́, lára ta ni, ìgbà wo?

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni pé kí a má ṣe fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún eré ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé kan gbà á lọ́wọ́ ìwé mìíràn títí ó fi dà bí òfin. Ní 2008, ìwádìí kan jáde láti Netherlands lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré sísá, 532 ni wọ́n. Apá kan tẹ̀lé òfin yìí, apá kejì tẹ̀lé ètò tó yára jù ú lọ. Iye àwọn tó fara pa nínú apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí kò ní kí ẹ máa fi ẹrù kún ẹrù bó ṣe wù yín. Ohun tó sọ ni pé òǹkà náà nìkan kò lè ṣọ́ ọmọ fún yín, ojú yín ló máa ṣọ́ ọ.

Bákan náà ni àwòrán kan tí ẹ ó rí nínú ìwé púpọ̀: ìlà kan lọ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ó gòkè kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Hans Selye ni wọ́n máa ń dárúkọ sí i. Ní 1936 ni Selye gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, eku ló sì lò: ó fi wọ́n sínú òtútù, ó ṣe wọ́n léṣe, ó fún wọn ní oògùn, ó wo bí ara wọn ṣe fèsì. Kò kọ nǹkan kan nípa 400 mítà. Àwòrán yẹn wúlò láti fi ṣàlàyé fún òbí pé ìsinmi jẹ́ apá kan iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá fi ọjọ́ sí abẹ́ ìlà náà, tó ní ọjọ́ kẹta gan-an ni agbára máa dé, ẹ bi í léèrè ọmọ ta ló wọ̀n. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti ń bi ara wọn. Ní 2012, John Kiely kọ àpilẹ̀kọ kan tó béèrè bóyá ẹ̀rí ni pípín ọdún sí sáà dúró lé, tàbí àṣà. Mo fẹ́ràn ìwé tó bá gbà kí wọ́n bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Òǹkà mìíràn wà tó máa ń san gbèsè rẹ̀. Dídín iṣẹ́ kù kí ìdíje tó dé wà lára wọn. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tó jáde ní 2007 rí i pé ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni kí a fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì dín iye iṣẹ́ kù ní ìdá 41 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí líle rẹ̀ má sì dín kù. Àgbà eléré ni wọ́n wò jù, nítorí náà mo mú un bí ìtọ́sọ́nà. Ní ọ̀sẹ̀ inter-house, ọmọ tó máa ń sá 150 mítà lẹ́ẹ̀mẹfà á sá a lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú agbára kan náà. Ìwé tó bá ní kí ọmọ máa sá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó díje, mi ò gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ oògùn

Ó dùn mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Ben Johnson sá 100 mítà ní 9.79 ní Seoul ní 1988, wọ́n rí stanozolol nínú ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n gba góòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń fún eléré lóògùn ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn ọmọdébìnrin pẹ̀lú, wọ́n ní fítámì ni. Ìwé àṣírí tó jáde lẹ́yìn tí ògiri Berlin wó ní 1989 ló tú u fó.

Irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ara tètè bọ̀ sípò lẹ́yìn iṣẹ́ líle. Bí ìwé kan bá wá fi ètò àwọn eléré irú àkókò àti irú ibi bẹ́ẹ̀ hàn, ẹrù tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ẹrù tí ara lásán kò gbé. Mo máa ń ka irú ìwé yẹn fún bí wọ́n ṣe ń wo ẹsẹ̀ àti apá, bí wọ́n ṣe ń kọ́ fífo hurdle, nítorí ìyẹn dára. Tábìlì ẹrù rẹ̀, rárá.

Orí tó sọ nípa ọmọdé àti ọmọbìnrin

Ṣé ó tilẹ̀ ní irú orí bẹ́ẹ̀? Bí kò bá ní, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé kò sí ohun tó lè sọ fún yín nípa ìdajì àwọn tí ẹ ń kọ́.

Bó bá ní, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ orí nìkan ló fi pín ọmọ. Ọmọbìnrin máa ń ga lójijì ní nǹkan bí ọdún 12, ọmọkùnrin ní nǹkan bí 14, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn á yá, ti ẹlòmíràn á pẹ́. Nínú kíláàsì JSS3 kan náà, mo ní ọmọkùnrin ọdún 14 tó ga jù mí lọ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì dà bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé gidi á ní kí ẹ máa wọn gíga wọn. Ṣọ́ọ̀kì lára ògiri tó o: ẹ fa ìlà níbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ fò sókè, ẹ dín fífò àti sísá lórí ilẹ̀ líle kù fún un. Bó bá ń ní ìrora lábẹ́ orúnkún, ní orí egungun tó yọ síwájú yẹn, ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe é.

Ní ti ọmọbìnrin, ẹ wá ibi tí ìwé ti mẹ́nu ba nǹkan oṣù, oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀. Ìwé tó bá sọ pé kí nǹkan oṣù dúró jẹ́ àmì pé ìgbáradì ń ṣiṣẹ́, ẹ jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àmì pé oúnjẹ kò tó fún iṣẹ́ tí ara ń ṣe ló sábà máa ń jẹ́, ó sì ń ba egungun jẹ́. Ojúgun ọmọbìnrin tèmi ọjọ́sí ì bá ti kọ́ mi bí mo bá mọ ohun tó yẹ kí n béèrè. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ wá tíṣà obìnrin kan tí àwọn ọmọ lè bá sọ ọ́. Ẹ má dá a ṣe.

Ẹ tún wo ohun tí ìwé sọ nípa àìsàn. Ibà kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó, èyí kò sì yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ní ojú ìwé kan nípa bí a ṣe ń mú ọmọ padà bọ̀ lẹ́yìn àìsàn, díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ sí ọjọ́. Ìwé tí gbogbo ètò rẹ̀ rò pé kò sẹ́ni tó máa ṣàìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ 17, kò tíì kọ́ ọmọ rí.

Ẹ dán an wò, kékeré

Ìwé tó bá kọjá gbogbo èyí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo ń fún un, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún péré. Mi ò kì í kó gbogbo ọmọ sínú ohun tí mi ò tíì mọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ náà sá 30 mítà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìsinmi tó péye, kí ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ibì kan náà, aago kan náà, bàtà kan náà, ẹni kan náà ló gbọ́dọ̀ di aago mú. Ọwọ́ ẹni méjì kì í tẹ stopwatch bákan náà. Ẹ tún un ṣe lópin ọ̀sẹ̀ kẹrin. Bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ sún un síwájú.

Lójoojúmọ́ iṣẹ́, ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ parí, ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé: láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ni tòní ṣe le tó? Ẹ fi ohun tó sọ di ìlọ́po iye ìṣẹ́jú tó lò. Ìṣẹ́jú 50, ó ní mẹ́fà: 300 nìyẹn. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ kan náà tí ìwé pè ní "fífúyẹ́" jẹ́ mẹ́ta fún ọmọ kan, ó jẹ́ mẹ́jọ fún ẹlòmíràn. Mo bi ọmọ kan tó sọ pé mẹ́jọ léèrè ohun tó jẹ. Gààrí, ní ìdájí. Ìwé kankan kò lè rí ìyẹn, a kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo kọ́kọ́ wá bí yóò ṣe máa jẹun ọ̀sán ní ọjọ́ iṣẹ́ kí n tó fọwọ́ kan ètò rẹ̀.

Ẹ béèrè oorun náà, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ ojúgun wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìrora tó tàn káàkiri lè jẹ́ àárẹ̀. Èyí tó dúró sójú kan ṣoṣo, iṣẹ́ parí fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Ibi tí ìwé wà, àti bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀

Ẹ̀yin tó wà ní Iléṣà, Ifẹ̀ kò jìnnà. Ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní OAU tóbi, ó sì yẹ kí ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè wọlé kà. Ẹ tẹ̀lé ọ̀rẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹ bá ní. World Athletics, tó ń jẹ́ IAAF títí di 2019, náà máa ń gbé ohun ẹ̀kọ́ fún kóòṣì jáde, ti ọmọdé pàápàá, ó sì rọrùn láti rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kà kó tó ra ìwé ńlá kankan.

Bí ẹ bá ti yẹ ìwé kan wò tán, ẹ fi báírò kọ ìdájọ́ yín sí inú èèpo rẹ̀ tàbí sórí bébà tí ẹ máa fi pamọ́ sínú rẹ̀: ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún, ojú ìwé tó wúlò, ojú ìwé tí ẹ kò gbọdọ̀ lò fún ọmọdé, ọjọ́ tí ẹ kà á. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yín lẹ́yìn yín á bá a níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe fọ́tòkọpì ojú ìwé kan fún ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ ṣe ti ojú ìwé orúkọ àti ti ọ̀rọ̀ àkọ́sọ pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ fi píìnì so wọ́n pọ̀. Fọ́tòkọpì tèmi ọjọ́sí ṣì wà nínú àpótí ohun èlò wa, lábẹ́ bọ́ọ̀lù onírin. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ìwé tó sọnù yẹn mọ́ iwájú rẹ̀. Mo fi báírò pupa fàlà sábẹ́ "àgbà eléré", mo sì kọ ọjọ́ tí ọmọ náà fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.